Akàn Inú Iyùn: Ṣé Àfòmọ́ Ni, Àbí Ọlọ́dẹ?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, gbogbo wa ni a mọ iyùn. Ọba ń fi í sọ́rùn, ìjòyè ń fi í sọ́wọ́, kò sì sí ìyàwó tí yóò kọ̀ ọ́ bí ọkọ rẹ̀ bá rà á fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè pé kí ni iyùn jẹ́ gan-an, ẹnu wa kì í kò. Àwọn kan á ní òkúta ni, àwọn mìíràn á ní igi inú omi ni. Kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe igi. Eegun àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ ẹlẹ́mìí kan ni, tí wọ́n ń gbé pọ̀ ní ìsàlẹ̀ Òkun Mẹditaréníà, tí àwọn oníṣòwò sì ń gbé wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa láti ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn Potogí ń bá Ìbíní ṣòwò.

Iyùn ìlẹ̀kẹ̀ yìí ní àwọn ìbátan tí wọ́n pọ̀ jù ú lọ, tí ẹnikẹ́ni kì í fi sọ́rùn. Iyùn olókùúta ni a óò máa pe àwọn wọ̀nyí, nítorí pé ilé tí ó le bí òkúta ni wọ́n ń kọ́. Inú òkun tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí omi rẹ̀ mọ́, tí oòrùn sì ń ràn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n ń gbé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹ̀dá náà lè má tóbi ju orí ìṣó lọ. Ó ní ẹnu kan, ó sì ní àwọn ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí ẹnu náà ká. Ó ń tu ohun líle kan sí abẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń jókòó lé e lórí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn a so ara wọn pọ̀, ilé àtijọ́ a di ìpìlẹ̀ fún tuntun, títí ohun tí wọ́n kọ́ yóò fi di àpáta tí ó lè fọ́ ọkọ̀ ojú omi. Nínú ẹran ara wọn pàápàá, àwọn ẹ̀dá mìíràn tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n jọ ewéko, ń gbé níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ, wọ́n sì ń fún onílé ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn ayálégbé kékeré yìí sọ́kàn, a óò tún bá wọn pàdé níwájú.

Ọ̀kan nínú àwọn iyùn olókùúta náà ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pocillopora. Ó kúrú, ó sì yọ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ púpọ̀ tí wọ́n há mọ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí igbó ṣúúrú. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ àárín àwọn ẹ̀ka náà, ẹ óò rí ojú méjì tí ń wò yín. Akàn ni. Trapezia ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ẹ̀yà rẹ̀, irú rẹ̀ sì ju 20 lọ. Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, kò ní ẹ̀gún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ̀ ju orí àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Òmíràn pupa rúsúrúsú, òmíràn funfun tí ó ní àmì pupa tótòtó lára bí ẹni pé wọ́n ta á ní osùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá a lọ sí Bàdágìrì tàbí etí òkun àwọn Ìlàjẹ o. Akàn tiwa tí a ń sè lọ́bẹ̀ kọ́ ni. Láti Òkun Pupa àti etí òkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni ẹ̀yà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó la Òkun Íńdíà kọjá, ó sì dé gbogbo Òkun Pàsífíìkì títí kan etí òkun Panama. Kò sí i ní òkun Àtìláńtíìkì tí ó kan ilẹ̀ wa.

Bí wọ́n ti ń gbé ilé náà yẹ kí a mọ̀. Bí iyùn bá ti tó bí ó ti yẹ, akọ kan àti abo kan láti inú irú kan náà ni wọ́n máa ń wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya. Irú akàn mìíràn lè gbé inú iyùn kan náà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n bí akọ mìíràn tí ó jẹ́ irú tiwọn bá yọjú, ìjà ni. Wọn kì í ṣí kiri bí akàn etí odò. Ọmọ wọn nìkan ni ń bá omi lọ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí yóò máa léfòó nínú òkun títí yóò fi rí iyùn ti ara rẹ̀. Èyí tí kò bá rí ilé kò ní pẹ́ láyé, nítorí pé níta, ẹja yóò gbé e mì.

Kí wá ni akàn yìí ń san fún ilé tí ó ń gbé? Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1967, onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jens Knudsen kọ ìwé nípa àwọn akàn wọ̀nyí. Ó ti ṣọ́ wọn dáadáa. Ó rí i pé ẹsẹ̀ wọn ní irun líle tí ó tò bí eyín ìyarun, ẹnu ọwọ́ wọn sì ní irun bí búrọ́ọ̀ṣì. Ara iyùn máa ń sun omi yíyọ̀ kan jáde, irú èyí tí ó wà lára ìgbín. Akàn a máa fi ẹsẹ̀ ya á, a fi ọwọ́ gbá a jọ, a sì máa kó o sẹ́nu. Ohun tí iyùn fi ara rẹ̀ ṣe ni akàn ń jẹ, Knudsen kò sì rí ohun tí akàn fi ń dá a padà. Nítorí náà ó kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé àfòmọ́ ni akàn Trapezia lára iyùn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ oníkòkó mọ ohun tí àfòmọ́ jẹ́ ju àwa lọ. Kò gbin ara rẹ̀ sílẹ̀, orí igi onígi ni ó ń wà, oje igi náà ni ó ń mu, ọjọ́ tí igi bá kú ni òun náà yóò tó kú. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo ni láti pe ẹ̀dá kan ní àfòmọ́.

A kò bá Knudsen wí. Òtítọ́ ni ohun tí ó rí. Ṣùgbọ́n àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ yíyẹ ìwé ẹgbẹ́ wò mọ irú ìdájọ́ yìí dáadáa, nítorí pé ojú ìwé kan ni ó kà nínú ìwé tí ó ní ojú méjì. Ẹgbẹ́ kan wà tí a kò ní dárúkọ, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìde ní ìpàdé gbogboogbò wọn pé kí a lé ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ilé ìkókòkósí lọ. Ẹjọ́ tí wọ́n rò ni pé owó oṣù ọkùnrin náà ń jáde lóṣooṣù, kò sì sí ibi kankan nínú ìwé tí a ti rí i pé ó mú kọ́bọ̀ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ìwé lóòótọ́. Kòkó tí olè kò rí jí kì í ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé ìṣirò owó. Wọ́n lé ọlọ́dẹ lọ. Nígbà tí a padà lọ yẹ ìwé wọn wò ní ọdún kejì, a bá ìlà tuntun kan níbẹ̀: àpò kòkó 11 tí a kò rí.

Olè tí ń ja iyùn wà, ó sì burú. Ìràwọ̀ òkun kan ni, tí ó tóbi tó àwo ìjẹun, tí apá rẹ̀ lè tó 20, tí ẹ̀gún olóró sì bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Adé ẹ̀gún ni àwọn Òyìnbó ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Acanthaster. Bí ó ti ń jẹun yani lẹ́nu. Yóò rọra gun orí iyùn, yóò yọ ikùn rẹ̀ jáde láti ẹnu, yóò tẹ́ ẹ bo iyùn bí ẹni tẹ́ ẹní, yóò sì yọ́ ẹran ara iyùn níbẹ̀. Nígbà tí ó bá ká ikùn rẹ̀ kúrò, eegun funfun nìkan ni ó kù. Bí irú ìràwọ̀ yìí bá wọ́ wá ní ọ̀wọ́ ńlá, wọ́n lè sọ àpáta iyùn odidi erékùṣù kan di ahoro. Ní erékùṣù Moorea, nítòsí Tahiti, láàárín ọdún 2006 sí 2010, iyùn tí ó kù láàyè lẹ́yìn tí wọ́n jẹ tán kéré jọjọ.

Ọ̀gbẹ́ni Peter Glynn, tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ibùdó ìwádìí Smithsonian ní Panama, ni ó kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yìí yé ayé dáadáa, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1976. Ohun tí ó fa ìwádìí rẹ̀ ni pé ní etí òkun Panama ní ìhà Pàsífíìkì, Pocillopora ni ó pọ̀ jù, síbẹ̀ ìràwọ̀ ẹlẹ́gùn-ún kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ìràwọ̀ a fi oúnjẹ tí ó kún ilẹ̀ sílẹ̀, a máa wá iyùn mìíràn tí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kiri. Ta ni ó lé e?

Akàn ni. Bí apá ìràwọ̀ bá kan ẹ̀ka iyùn báyìí, tọkọtaya akàn a sáré jáde láti inú ihò wọn wá sí ẹnu ẹ̀ka. Wọ́n a fi ọwọ́ wọn gbá ẹ̀gún ìràwọ̀ mú, wọ́n a máa jà á sókè sódò. Abẹ́ ìràwọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹsẹ̀ rírọ̀ kéékèèké tí ó fi ń rìn. Akàn a máa fún àwọn wọ̀nyí ní ọwọ́ tàbí kí ó gé wọn. Ẹ ro ti ẹni tí ó gun àkàbà wá jalè, tí ẹnìkan sì ń fi ẹ̀mú fún un ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìràwọ̀ a ká apá rẹ̀ kò, a sì bá ọ̀nà mìíràn lọ. Nígbà tí Glynn kó àwọn akàn kúrò nínú iyùn kan tí ó sì fi ti òmíràn sílẹ̀, èyí tí kò ní olùṣọ́ ni ìràwọ̀ ń jẹ jù. Ní ọdún 1980 ó tún fi hàn pé akàn kò tilẹ̀ nílò láti rí ọ̀tá náà kí ó tó múra ìjà. Omi tí ó ti ara ìràwọ̀ ṣàn kọjá ń gbé òórùn rẹ̀ wá fún un.

Akàn nìkan kọ́ ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́dẹ yìí. Edé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alpheus lottini, tọkọtaya ni òun náà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, inú iyùn kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ, ó sì lè pa á dé lójijì kí ó dún pà! bí ẹni ta ìka, tí omi yóò sì ta jáde síwájú. Bí akàn ti ń fún ìràwọ̀ ní ọwọ́, edé ń ta á ní omi, ó sì ń gé e. Ẹ lè bèèrè pé báwo ni akàn, tí kì í gba akàn bíi tirẹ̀ láàyè, ṣe gba edé sílé. Ará Ítálì kan, Vannini, ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1985. Àwọn akàn máa ń gbọn ara wọn lọ́nà kan láti fi hàn fún ara wọn pé ìjà kọ́ ni àwọn bá wá. Edé náà ti mọ gbígbọ̀n yẹn. Ó ń sọ èdè akàn fún akàn.

Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Moorea, tí McKeon jẹ́ aṣáájú wọn, gbé àbájáde jáde lórí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí olùṣọ́ bá jẹ́ akàn nìkan, tàbí edé nìkan, tàbí méjèèjì pọ̀. Ààbò tí iyùn rí gbà níbi tí méjèèjì ti wà pọ̀ ju ohun tí à bá retí bí a bá ṣírò ti akàn, kí a sì fi ti edé kún un. Nígbà tí ó di ọdún 2014, McKeon kan náà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tún fi hàn pé àwọn akàn náà kò tóbi bákan náà, iṣẹ́ wọn kò sì rí bákan náà. Àwọn tí ó tóbi jù ni wọ́n kojú ìràwọ̀ ẹlẹ́gùn-ún dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgbín òkun kékeré kan wà tí ń rá pálá wọ àárín ẹ̀ka láti jẹ iyùn. Akàn ńlá kò lè ṣe nǹkankan fún un, àwọn akàn tí ó kéré jù ni wọ́n ń lé e. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó dùn mọ́ wa nínú pé àwọn onímọ̀ ní láti wọ inú òkun Pàsífíìkì kí wọ́n tó rí ohun tí àwọn àgbà wa ti ń wí láti ọjọ́ pípẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ìjà nìkan ni iṣẹ́ akàn, a lè sọ pé ní ọdún tí ìràwọ̀ kò bá wá, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni ó ń jẹ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n nínú ìpàdé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí kò ní ariwo nínú, tí akàn ń ṣe lójoojúmọ́, òun ni àwa sì kà sí èyí tí ó tóbi jù. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí ìgbì ń rú sókè máa ń bà lé iyùn. Bí ó bá pọ̀, yóò di iyùn lẹ́nu, yóò sì dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí pé iyùn kò lè gbọn ara nù, kò sì lè kúrò lójú kan. Ní ọdún 2006, Hannah Stewart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti Moorea. Wọ́n kó akàn kúrò nínú àwọn iyùn ẹlẹ́ka kan, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ nínú àwọn yòókù, wọ́n sì gbé gbogbo wọn sí ibi tí ẹrẹ̀ ti ń bà lé wọn. Kí oṣù kan tó pé, iye tí ó tó 45 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ti kú nínú àwọn tí kò ní akàn. Nínú àwọn tí ó ní akàn, ẹyọ kan kò kú. Àwọn akàn ń kó iyanrìn ní ẹ̀kúnwọ́, wọ́n ń tì í jáde kúrò láàárín ẹ̀ka, wọ́n ń gbá ilé lárọ̀ọ́ lálẹ́. Ìràwọ̀ kankan kò sí nínú ìdánwò yìí o. Ẹrẹ̀ lásán ni.

Ó wá ku ojú ìwé kejì, ìyẹn ohun tí iyùn ń san. A ti sọ ti omi yíyọ̀ tí akàn ń yá kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1990, John Stimson, tí ó ń ṣe ìwádìí ní Hawaii, ṣàlàyé ohun mìíràn. Ní ṣóńṣó àwọn ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí ẹnu Pocillopora ká, ìṣù ọ̀rá wẹ́wẹ́ kan máa ń wà níbẹ̀, akàn a sì máa ká wọn jẹ. Stimson rí i pé bí a bá kó akàn kúrò nínú iyùn, iyùn náà kì í tún pèsè ọ̀rá náà bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí a bá kó akàn padà sí i, ọ̀rá a tún padà. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kì í ṣe ohun tí iyùn ì bá ṣe fún ara rẹ̀ ni akàn ń jí jẹ. Nítorí akàn ni ó ṣe ń pèsè rẹ̀. Nígbà tí Knudsen kọ ìwé tirẹ̀ ní ọdún 1967, kò sí ẹni tí ó tíì ṣe ìwádìí yìí, nítorí náà oúnjẹ tí ó rí lẹ́nu akàn, ẹrù olè ni ó pè é. Owó iṣẹ́ ni.

Kí a má ṣe rò pé ìfẹ́ ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Akàn kò mọ iyùn ní ọ̀rẹ́. Ilé ara rẹ̀ àti oúnjẹ ara rẹ̀ ni ó ń jà fún. Iyùn náà kò mọ akàn lójú. Èyí gan-an ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn lágbára, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò dúró de inú rere ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó so wọ́n pọ̀ yìí kan náà ni ó tú wọn ká nígbà tí ìpọ́njú dé.

Ìpọ́njú náà dé ní ọdún 1982 sí 1983. Ní àwọn ọdún kan, omi Pàsífíìkì ní ìhà Amẹ́ríkà máa ń gbóná ju bí ó ti yẹ lọ; El Niño ni wọ́n ń pe irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ti ọdún yẹn le kọjá àfẹnusọ. Bí omi bá gbóná jù, àwọn ayálégbé kékeré bí ewéko tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn a máa kúrò nínú ẹran ara iyùn, àwọ̀ iyùn a sì di funfun báláú. Oúnjẹ tí ó ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá dáwọ́ dúró. Ní Panama, ju 7 lọ nínú iyùn 10 ni ó kú. Ní àwọn erékùṣù Galápagos ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ju 9 lọ nínú 10.

Ẹ wo bí ìyà náà ti ń wọ ilé lọ. Iyùn tí ebi ń pa kò ní ọ̀rá tí yóò fún akàn. Nígbà tí Glynn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ọ̀rá inú ara wọn, ó ti dín lára iyùn, ó sì ti dín lára akàn pẹ̀lú. Iye akàn inú iyùn tí ó ti funfun lọ sílẹ̀, àwọn tí ó kù kò sì jà bí wọ́n ti ń jà tẹ́lẹ̀. Ọlọ́dẹ tí ẹgbẹ́ kò sanwó fún kò ní lo ẹ̀mí rẹ̀ lójú ọ̀nà lóru.

Èyí tí ó bani nínú jẹ́ jù ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò ní akàn rárá. Ní erékùṣù Uva, ní agbègbè Chiriquí ní Panama, àwọn iyùn ńlá mìíràn wà tí kò ní ẹ̀ka, tí wọ́n rí rìbìtì bí àpáta, tí wọ́n ti dàgbà fún ọjọ́ pípẹ́. Ìràwọ̀ ẹlẹ́gùn-ún fẹ́ràn wọn gan-an, wọn kò sì ní olùṣọ́. Ohun tí ó gbà wọ́n là láti ọjọ́ yìí wá ni pé Pocillopora hù yí wọn ká bí ọgbà, ìràwọ̀ tí ó bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn sì ní láti kọ́kọ́ la àárín àwọn akàn kọjá. Kò lè là á. Àwọn akàn kò mọ̀ pé àwọn ń ṣọ́ ilé aládùúgbò. Nígbà tí ooru pa Pocillopora, ọgbà wó, akàn tú ká, ìràwọ̀ sì wọlé. Àwọn iyùn ńlá kan tí ooru náà kò rí pa, ìràwọ̀ ni ó padà wá jẹ wọ́n. Glynn kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1985.

Láti ìgbà náà ooru inú òkun kò tíì dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn àjọ tí ń ṣọ́ àpáta iyùn kéde pé ìgbà kẹrin nìyí tí iyùn ń funfun káàkiri gbogbo àgbáyé lẹ́ẹ̀kan náà. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bani. A sọ ọ́ nítorí pé ibikíbi tí Pocillopora bá ti kú, akàn inú rẹ̀ kò ní ibòmíràn láti lọ.

Uva náà ṣì ní ìtàn tirẹ̀. Iyùn tí ó kù níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1983 tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀ka. Ooru ńlá tún dé ní ọdún 1997 sí 1998, ó tún dé ní ọdún 2015 sí 2016, ṣùgbọ́n ikú tí ó pa wọ́n kò tó ti àkọ́kọ́ rárá. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2023 sọ ìdí rẹ̀: púpọ̀ nínú Pocillopora ibẹ̀ ti wá ní ayálégbé mìíràn nínú ẹran ara, irú ẹ̀dá bí ewéko kan tí ó lè fara da ooru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà ṣírò rẹ̀ pé bí ó bá ń bá a lọ báyìí, àwọn àpáta iyùn kan ní ìhà ibẹ̀ lè wà láàyè títí di nǹkan bí ọdún 2060 sí 2069. Durusdinium glynnii ni orúkọ tí wọ́n sọ ayálégbé náà. Orúkọ Glynn, ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ ka ojú méjèèjì ìwé akàn, ni wọ́n fi sọ ọ́.